Dídúró lẹ́sẹ̀ kan, okùn, àkàbà ilẹ̀ àti sìkípù: èwo ló ń mú kẹ́sẹ̀ yá nílẹ̀?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan pè mí láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lọ́sẹ̀ tó kọjá, alẹ́ ti lẹ́. "Tọ́ntọ̀n, ẹ kú alẹ́ o. Mo rí fídíò kan, ọkùnrin kan ń ta ẹsẹ̀ wéréwéré nínú àkàbà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní ó máa ń jẹ́ kéèyàn mọ eré sá. Ṣé kí n ra tèmi ni, àbí pátákó tó ń mì yẹn, àbí kí n kàn máa fo okùn?" Ó ní ìdíje lísè wọn, ilé ìwé girama, ku oṣù méjì, 100 mítà àti 200 mítà lòun fẹ́ sá.

Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ mélòó kan kí n kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa, torí kì í ṣe òun nìkan ló ń bi mí, àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ léré nírọ̀lẹ́ ní Kétu níbí, ní Benin, ń bi mí, àwọn ìyá wọn tó máa wá owó ẹ̀ ń bi mí, kódà àwọn àgbà tó ń sáré àárọ̀ nítorí ìtọ̀ ṣúgà náà ń bi mí. Ó dáa, ẹ gbà á báyìí.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Téèyàn bá ń rìn, ìgbà kan máa ń wà tí ẹsẹ̀ méjèèjì jọ ń kanlẹ̀. Téèyàn bá ń sáré, kò sírú ẹ̀. Ẹsẹ̀ kan á gbé gbogbo ara, á jù ú sókè, ẹsẹ̀ kejì á gbà á. Ìyẹn ni pé eré sísá ò ju kéèyàn máa dúró lẹ́sẹ̀ kan léraléra lọ, àmọ́ ìdúró ọ̀hún kì í pẹ́. Àwọn tó ń sá 100 mítà lágbàáyé, tí eré wọn bá ti le dé góńgó, ẹsẹ̀ wọn kì í lò ju nǹkan bíi 0.08 sí 0.10 sẹ́kọ́ọ̀ndì lọ nílẹ̀, àwa tá à ń sá eré jẹ́jẹ́ lè lò tó 0.2 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ojú ò tíì ṣẹ́ tán, ẹsẹ̀ ti kúrò nílẹ̀. Láàárín ìgbà kékeré yẹn, tí ọrùn ẹsẹ̀ bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ìbàdí bá sọ̀ sí apá kan, agbára tó yẹ kó tì ọ́ síwájú ti dànù nìyẹn.

Ní 2000, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Peter Weyand, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà wọn nǹkan yìí, wọ́n sì rí i pé kì í ṣe pé àwọn tí eré wọn le ń yí ẹsẹ̀ lófuurufú kíákíá ju àwọn yòókù lọ tó bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fi agbára ta ilẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti wá. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun ló máa pa àkàbà lára nísàlẹ̀.

Nítorí náà nǹkan mẹ́rin ni mo fi wọ̀n wọ́n: eélòó ni, ṣé ó jọ eré, ṣé kò ní ṣe èèyàn léṣe, àti ṣé a ráyè ẹ̀, ká sì rí ibi tá a ti máa ṣe é. Ìkejì ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Ohun tó bá jìnnà sí eré, kò lè ran eré lọ́wọ́ ju ìwọ̀nba lọ, bó ti wù kó dùn ún wò tó. Kò sì sí ọ̀kankan nínú wọn tó rọ́pò kéèyàn sáré gan-an, ẹni tí kì í sáré rárá tó ń fo okùn, á mọ okùn fò ni.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín pé ẹ̀yìn yín ò gún tàbí ẹsẹ̀ kan gùn ju ìkejì lọ. Usain Bolt fúnra ẹ̀, ọ̀pá ẹ̀yìn ẹ̀ wọ́, ó sọ ọ́ lẹ́nu ara ẹ̀, 9.58 sẹ́kọ́ọ̀ndì ló sì fi sá 100 mítà ní Berlin ní 2009.

Dídúró lẹ́sẹ̀ kan

Eléyìí ò ná wa ní kọ́bọ̀. Mo mọ̀ ọ́n lára, torí ọdún méjì sẹ́yìn mo fẹsẹ̀ gún kòtò lójú ọ̀nà alámọ̀ pupa kan lẹ́yìn ìlú, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, ọrùn ẹsẹ̀ òsì yí, mo gbọ́ nígbà tó ró. Mo tiro fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí ìrora lọ mo ní mo ti sàn, mo padà sáré, kò pé oṣù kan ó tún yí, ibì kan náà, àní lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé kì í ṣe egungun àti iṣan nìkan ló ń di ọrùn ẹsẹ̀ mú. Ojú wa, inú etí wa, àtàwọn nǹkan kéékèèké nínú iṣan àti oríkèé tó ń sọ fún ọpọlọ pé ibi báyìí lẹsẹ̀ wà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń jẹ́ ká lè dúró. Tí ẹsẹ̀ bá yí, ẹ̀kẹta yẹn máa ń sùn. A ní láti jí i.

Bí mo ṣe jí i nìyí: tí mo bá ń fọ ẹnu láàárọ̀, ẹsẹ̀ òsì nìkan ni mò ń dúró lé, 30 sẹ́kọ́ọ̀ndì, mo pààrọ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀, mo ka mẹ́sàn-án, mo di ògiri mú, ìyàwó mi ní ṣé ẹmu ni mo mu lówùúrọ̀ ni. Nígbà tí 30 ti rọrùn, mo di ojú. Ẹ dán an wò, ẹ máa rí i pé ojú ló ń gbé yín ró látọjọ́ yìí. Lẹ́yìn náà mo ká ẹní sí mẹ́rin mo dúró lé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àti ìgbà yẹn di òní, kò tíì yí mọ́.

Ibi tó mọ nìyẹn o. Irú ìdánrawò yìí máa ń dín ẹsẹ̀ yíyí kù gan-an, pàápàá fún ẹni tó ti yí rí, àmọ́ kò ní sọ ẹni tó ń sá 100 mítà ní 13 sẹ́kọ́ọ̀ndì di ẹni 12. Ìdí ẹ̀ ò farasin: 30 sẹ́kọ́ọ̀ndì lo fi dúró, eré ò fún ẹ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá sẹ́kọ́ọ̀ndì lọ.

Pátákó tó ń mì

Ẹ̀gbọ́n dídúró lẹ́sẹ̀ kan ni. Pátákó roboto tí wọ́n kan igi bí ìlàjì bọ́ọ̀lù mọ́ nídìí, o gun orí ẹ̀ ó ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Káfíńtà àdúgbò wa ṣe tèmi ní 2 500 fráǹsì, mo fún un ní àwòrán lórí pọ́táàbù, ó sì ṣe é dáadáa. Ó dáa fún ọrùn ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ ẹ́. Fún eré, mi ò rí nǹkan kan tó fi ju ẹní tí mo ká sí mẹ́rin lọ, ilẹ̀ tá à ń sá eré lórí ẹ̀ kì í sì í mì. Àwọn ọmọ mi ló ń fi ṣeré báyìí.

Àkàbà ilẹ̀

Okùn méjì ni, tí wọ́n so igi rọ́bà pẹlẹbẹ mọ́ láàárín bí àkàbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi. Èmi náà rà á. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń tajà lórí WhatsApp ní Kùtọnù ni mo ti rà á, 9 000 fráǹsì, tí mi ò tíì ka owó mọ́tò tó gbé e wá. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni rọ́bà ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kọ̀wé sí i, ó ní oòrùn Kétu ló pọ̀ jù. Ṣé kò mọ̀ pé ìta gbangba la ti ń sáré ni?

Ká tiẹ̀ ní kò ṣẹ́. Ẹ wo ohun tí ẹsẹ̀ ń ṣe nínú àkàbà: ìgbésẹ̀ á kéré, orúnkún ò ga, ẹsẹ̀ ń fọwọ́ kan ilẹ̀ fẹ́ẹ́ ni kò ta á, ìbàdí ò ṣiṣẹ́, apá ń jù bó ṣe wù ú, ojú sì wà nílẹ̀ kí ẹsẹ̀ má bàa tẹ igi. Eré ò ní ọ̀kan nínú wọn. Ìyẹn ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ títa sọ́kàn. Ẹni tó bá fi oṣù mẹ́ta jó nínú àkàbà, ó dájú pé á mọ àkàbà jó. Ọ̀rọ̀ ojú yẹn ló máa ń bí mi nínú jù, àwa tá a jẹ́ ọmọ Kétu, ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO fi sára àwọn ohun ìní ìran ènìyàn ní 2001! Ẹ lọ wo ẹni tó bá mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jó. Igi gbígbẹ́ wà lórí ẹ̀, aṣọ wúwo lára ẹ̀, ṣaworo wà lẹ́sẹ̀ méjèèjì, ìlù sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, tí ìlù bá dá òun náà á dá gbọn-in, igi orí ò ní mì. Kì í wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Apá, ẹsẹ̀ àti orí gbọ́ ara wọn, ohun tá à ń wá gan-an nìyẹn.

Ta ni àkàbà wá wà fún? Ọmọdé, láti bí ọdún méje sí mọ́kànlá, tí ò tíì mọ bó ṣe máa pa ẹsẹ̀ òsì pọ̀ mọ́ ọwọ́ ọ̀tún, ó ń gbádùn ẹ̀, ó ń kọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ́gbọ́n. Àwọn agbábọ́ọ̀lù náà lè fi gbóná ara. Fún ọmọdé, ẹ má ra nǹkan kan, ẹ bu eérú fa ilà sílẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe súwè. Súwè tá a ṣe ní kékeré dáa ju àkàbà lọ, torí ẹsẹ̀ kan ni wọ́n fi ń tọ, wọ́n ń gbé ara wọn sókè, wọ́n sì ní láti dúró kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mú òkúta láì ṣubú.

Okùn fífò

Okùn ni mo máa ń sọ fún ẹni tí ò lówó, tí ò ní pápá, tí ò ráyè. Wáyà iná àtijọ́ ló dáa jù, ó wúwo díẹ̀, kì í lọ́, 500 fráǹsì ni mo rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹrù ògbólógbòó lọ́jà. Tẹ àárín ẹ̀ mọ́lẹ̀, tí etí méjèèjì bá dé abẹ́ apá, ó tó ẹ.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ kì í pẹ́ nílẹ̀. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ta á, ó lọ, gìgísẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ rárá. Iṣan gbọọrọ ẹ̀yìn gìgísẹ̀ á kọ́ láti máa tani padà bíi rọ́bà. Ọwọ́ náà ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀ lásìkò kan náà, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ò bá gbọ́ ara wọn, okùn á nà ẹ́ lójúgun, o ò nílò kóòṣì tó máa sọ fún ẹ. Ìwádìí kan tó jáde ní 2020 fi okùn fífò sínú ìgbóná ara àwọn tó ń sáré ọ̀nà jíjìn, àwọn tí kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, ọ̀sẹ̀ 10 ni wọ́n fi ṣe é, àkókò tí wọ́n fi ń sá 3 kìlómítà sì dín kù. Ìgbóná ara lásán o, wọn ò fi wákàtí kan fo okùn.

Àṣìṣe tí mò ń rí: wọ́n ń fò ga jù. Ó tó kí ìka ọwọ́ kan gba abẹ́ ẹsẹ̀ kọjá, okùn ò nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 30 sẹ́kọ́ọ̀ndì, sinmi 30, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kí o máa fi ẹsẹ̀ ọ̀tún àti òsì fò ní pààrọ̀ bí ẹni ń sáré lójú kan, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ kan ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Tí ojúgun bá ń dùn ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, dín in kù. Kì í ṣe orí sìmẹ́ńtì la ti ń fò ó tí ilẹ̀ líle alámọ̀ bá wà.

Sìkípù

Sìkípù ni kéèyàn máa tọ lọ síwájú, kó máa gbé orúnkún sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ní pápá, tó sì fẹ́ kí eré ẹ̀ le, ibí ni kó dé. Gerard Mach, kóòṣì ọmọ Pólándì tó wá lọ ṣiṣẹ́ ní Kánádà, ló pín eré sí wẹ́wẹ́ tó sì fi lẹ́tà sọ wọ́n lórúkọ, bí A àti B. A ni kí orúnkún gòkè. B ni kí ẹsẹ̀ nà síwájú kó sì fà padà sílẹ̀. Ká rìn ín, ká tọ ọ́, ká sá a. Ilé ìwé gbogbo ló ń ṣe é báyìí, wọ́n sì ń bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọmọ kan ṣàpẹẹrẹ. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìnlá, ó máa ń kọjá lójú pápá wa nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú bàsíà omi lórí, kì í fọwọ́ dì í mú, omi kì í sì í dànù. Mo pè é kó wá bá wa sáré. Ìbàdí ẹ̀ ò yẹ̀ rárá, àmọ́ tó bá ń sáré ẹsẹ̀ ẹ̀ máa ń lọ jìnnà síwájú, gìgísẹ̀ á kọ́kọ́ kanlẹ̀, bí ẹni tó ń fa búréèkì. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kan, ilẹ̀ pupa náà rọ̀, mo ní kó sáré kọjá lẹ́ẹ̀kan, a jọ bẹ̀rẹ̀ wo ojú ẹsẹ̀ ẹ̀. Ibi gìgísẹ̀ jìn bí ihò, amọ̀ ti wọ́ síwájú, iwájú ẹsẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Òun fúnra ẹ̀ rí i, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, mò ń ti ara mi sẹ́yìn!" Mi ò bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún la fi ṣe A: orúnkún sókè débi ìbàdí, ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹ̀ sókè, ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ ara gan-an kì í ṣe níwájú, apá òdìkejì lọ pẹ̀lú ẹ̀. 20 mítà, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan á sáré 30 mítà lójú ẹsẹ̀ kí ara má bàa gbàgbé. Òjò tún rọ̀, a tún wò ó. Ihò gìgísẹ̀ ti lọ.

Ẹ rí i pé ìdúróṣinṣin ti wà lára ọmọ yẹn látinú gbígbé omi, kò nílò pátákó kankan. Ohun tí ò ní ni ibi tí ẹsẹ̀ máa bọ́ sí. Ẹlòmíì á ní òdìkejì ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń bọ́ síbi tó yẹ àmọ́ ìbàdí ń jó. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kéèyàn wo ara ẹ̀ kó tó náwó.

Àléébù ẹ̀ ni pé ó fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n tó máa dúró wò ẹ́, tàbí kí o gbé pọ́táàbù kalẹ̀ kó ká ẹ. Sìkípù tí èèyàn ń ṣe wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ̀yìn tẹ̀ sẹ́yìn, orúnkún lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ṣe nǹkan kan fún eré. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ àpẹẹrẹ, ẹ wá fídíò Noélie Yarigo tiwa, ọmọ Benin tó gba àmì ẹ̀yẹ bàbà ní 800 mítà nínú ìdíje àgbáyé abẹ́ òrùlé ní Glasgow ní 2024, kẹ́ ẹ fojú sí ìbàdí ẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ sílẹ̀.

Fífi ẹsẹ̀ kan tọ, àti yanrìn

Fífi ẹsẹ̀ kan tọ lọ síwájú ló sún mọ́ eré jù nínú gbogbo wọn, òun ló sì lè ṣeni léṣe jù. Ẹsẹ̀ kan máa gba ìlọ́po mélòó kan ìwúwo ara. Ẹni tí ò bá lè dúró lẹ́sẹ̀ kan fún 30 sẹ́kọ́ọ̀ndì, tí kò sì tíì fo okùn fún oṣù méjì, kó fi sílẹ̀. Ẹ̀yin ará Sabẹ tẹ́ ẹ ní òkè, ẹ tọ ọ́ ní gígun òkè níbi tó rọra ga, ìbọ́sílẹ̀ ibẹ̀ ò le tó ti ilẹ̀ títẹ́jú, rírìn ni kẹ́ ẹ rìn sọ̀ kalẹ̀.

Yanrìn etí òkun ńkọ́? Ó ń mú kẹ́sẹ̀ lágbára, sísáré lórí ẹ̀ máa ń gba nǹkan bí ìlọ́po 1.6 agbára tí ilẹ̀ líle ń gbà, àmọ́ ẹsẹ̀ máa ń rì, á pẹ́ nílẹ̀. Òdìkejì ohun tá a wá.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́

Ẹ gbé òfìfo ìgò kpayo (epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà) méjì kalẹ̀, 30 mítà síra wọn, ẹ bẹ̀rẹ̀ eré ní 20 mítà ṣáájú ìgò àkọ́kọ́. Ẹnì kan mú aago. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ kọ èyí tó yá jù sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, pápá kan náà, bàtà kan náà. Tí pọ́táàbù yín bá ń ká àwòrán 240 ní sẹ́kọ́ọ̀ndì kan, ẹ ká ẹsẹ̀ látẹ̀gbẹ́, ẹ ka àwòrán láti ìgbà tó kanlẹ̀ títí tó fi kúrò: 24 jẹ́ 0.1 sẹ́kọ́ọ̀ndì, 48 jẹ́ 0.2. Tí iye yẹn bá ń dín kù, ẹ wà lójú ọ̀nà. Tí kò bá dín kù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ pààrọ̀ ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe.

Ta ni kó mú èwo

Ẹni tí ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀ ti yí rí, àti àgbà tó ń sáré nítorí ìlera, dídúró lẹ́sẹ̀ kan lójoojúmọ́, kò gba nǹkan kan, pátákó náà tí owó bá wà. Ọmọdé, súwè. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ títí alẹ́ tí kò ní ju àgbàlá ilé lọ, okùn. Ẹni tó ń sá 800 mítà sókè, okùn ní ìgbóná ara, sìkípù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹni tó ń sá 100 àti 200, sìkípù ṣáájú, okùn tẹ̀ lé e, fífi ẹsẹ̀ kan tọ tó bá ti di ọdún kejì. Àkàbà, ẹni tí wọ́n bá fún lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi padà lánàá, mo ka gbogbo ẹ̀ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Tọ́ntọ̀n, ẹ má bínú, mo ti rà á." Mo bi í bó ṣe gùn tó, ó ní mítà mẹ́fà. Mo ní kó tẹ́ ẹ sílẹ̀, kó máa fo igi kan bọ́ sórí ìkejì, kó gbé orúnkún sókè débi ìbàdí, kó gbójú kúrò nílẹ̀, tó bá dé òpin kó má dúró, kó sáré 30 mítà lọ. Ó ní tí rọ́bà ẹ̀ bá ṣẹ́ ńkọ́. Mo ní kó tọ́jú okùn tí wọ́n fi so ó, ó máa tó o láti fò.